Ajílẹ̀ Tó Dé Gbòǹgbò Ni Ká Máa Kà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì fẹnu kò pé ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò lórí hẹ́kítà kan, tí kò ju nǹkan bíi kílò 8 lọ nígbà náà, gbọ́dọ̀ di kílò 50 tó bá fi máa di ọdún 2015. Ọdún 2015 dé, ó kọjá lọ, a ò débẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 wọ́n tún péjọ sí Nàìróbì, wọ́n sì tún pinnu pé kó tó di ọdún 2034, ajílẹ̀ tí Áfíríkà ń ṣe tó sì ń pín fáwọn àgbẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Mi ò tako ìkankan nínú méjèèjì. Ebi ń pa ilẹ̀ náà lóòótọ́, ó sì yẹ ká fún un lóúnjẹ.

Àmọ́ gbólóhùn mìíràn wà nínú ìpinnu Nàìróbì yẹn tí mo rò pé òun ló yẹ kó ṣáájú: pé ó kéré tán, 70 nínú 100 àgbẹ̀ kéékèèké gbọ́dọ̀ máa rí ìmọ̀ràn gbà lórí ajílẹ̀, ìmọ̀ràn tó bá irè tí wọ́n gbìn mu, tó bá ilẹ̀ wọn mu, tó sì bá ojú ọjọ́ ibi tí wọ́n wà mu. Èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi iye àpò díwọ̀n iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ka àpò tó wọ èbúté, wọ́n á ka èyí tó wọ ilé ìkẹ́rù, wọ́n á ka èyí tí àgbẹ̀ gbé lọ sílé, wọ́n á sì pa ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti pa ìwé dé yẹn gan-an ni iṣẹ́ ajílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kílò ọkà mélòó ni kílò ajílẹ̀ kan mú jáde? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ètò ajílẹ̀ máa dáhùn lọ́dọọdún nìyẹn, díẹ̀ nínú wọn ló sì ń dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé yúríà wọ oko, nítorí òun ni ayé ń lò jù nínú àwọn ajílẹ̀ tó ń fún irè ní nítírójìn, èròjà oúnjẹ tí irè fi ń dàgbà. Nínú kílò 100 yúríà, kílò 46 ni nítírójìn. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó lọ́rinrin díẹ̀, tí oòrùn mú, tí kò bò ó, tí òjò gidi kò sì rọ̀ lé e, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, á di amóníà, amóníà á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Àgbẹ̀ ò ní rí i kó tó lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tó sì ti di náítíréètì, oríṣi nítírójìn tí gbòǹgbò ń fà mu, kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀: bí òjò ńlá bá dé, á bá omi rìn lọ sísàlẹ̀, á kọjá ibi tí gbòǹgbò lè nà dé, á sì parí sínú kànga àti odò. Níbi tí omi bá sì ti dárogún sórí oko, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọnú ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ apá kan rẹ̀ di gáàsì. Ọ̀kan lára gáàsì bẹ́ẹ̀ ni nitrous oxide. Tí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wò ó, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi kílò 273 gáàsì kábónì. Kárí ayé, irè oko kì í rí ìdajì nítírójìn tí à ń fún un lò. Púpọ̀ nínú ìyókù ti bá afẹ́fẹ́ àti omi lọ, owó ẹni tó rà á sì bá a lọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ìṣòro méjì tó dà bíi pé wọ́n takora ló wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Sàhárà, ọdọọdún ni ọkà ń kó oúnjẹ ilẹ̀ jáde lóko, tí àgbẹ̀ kò sì rí nǹkan dá padà, ilẹ̀ sì ń ṣá. Ní àwọn apá kan Íńdíà àti Ṣáínà, àṣejù ni wàhálà wọn. Ọdún pẹ́ tí wọ́n ti ń da yúríà sórí ilẹ̀ tó ti yó. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ràn kan náà lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ti ṣìnà. Síbẹ̀, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n: ẹni tó ṣètò ajílẹ̀ kò wo ilẹ̀ tí ajílẹ̀ ń lọ.

Ibi tí ojú mi ti kọ́kọ́ là sí ọ̀rọ̀ yìí ni Sáhẹ́lì, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aginjù Sàhárà, ní Niger, Mali àti Burkina Faso. Yanrìn ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ibẹ̀, òjò ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí àgbẹ̀ fọ́n ajílẹ̀ ká gbogbo oko. Ta ló fẹ́ ra iye ajílẹ̀ yẹn, kó wá dà á sórí yanrìn, kí òjò tún wá kọ̀ láti rọ̀? Àwọn àgbẹ̀ kò rà á, wọ́n sì jàre. Ni àwọn onímọ̀ ICRISAT, ilé ìwádìí irè oko ilẹ̀ gbígbẹ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ má fọ́n ọn mọ́, kó kàn fi í sínú ihò tí irúgbìn ń wọ̀. Ohun ìwọ̀n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni ọmọrí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹnì kan á máa fi ọkọ́ la ihò ṣáájú, ẹnì kejì á máa ju irúgbìn àti ajílẹ̀ tó kún ọmọrí kan sí i, á fẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, á kọjá sí ìkejì. Ọmọrí kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 6. Bí ihò bá tó 10,000 lórí hẹ́kítà kan, kílò 60 NPK nìyẹn, ìyẹn àpapọ̀ nítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù. Bó bá jẹ́ DAP, ajílẹ̀ nítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó lágbára jù ú lọ, gíráàmù 2 ti tó fún ihò kan, ìyẹn ohun tí ìka mẹ́ta lè ṣà, kílò 20 péré sì ni lórí hẹ́kítà.

Kílò 20! Ẹni tí kò lè ra àpò kan odindi lè bá ẹlòmíràn pín in. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà lóko àwọn àgbẹ̀ sọ pé jéró àti ọkà bàbà fi nǹkan bí 44 sí 120 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Kò sí idán níbẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn nínú ilẹ̀. Ibi tí a bá fi sí náà ló máa wà, gbòǹgbò ló máa wá a lọ. Ọkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, gbòǹgbò rẹ̀ kò ju ìka lọ. Bó bá bá oúnjẹ lẹ́bàá ẹnu, á tètè ta gbòǹgbò, á lè fara da ọ̀dá ìbẹ̀rẹ̀ òjò, á sì tètè gbó kí ọ̀dá ìparí òjò tó dé bá a. Ajílẹ̀ tí a fọ́n sí àárín poro, èpò ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ sí èyí, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀: pé bí ọkà bá pọ̀ sí i lórí ajílẹ̀ tó kéré, ohun tí ọkà ń kó jáde nínú ilẹ̀ á tún pọ̀ sí i, ilẹ̀ á sì tún ṣá sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ọmọrí ìgò kò fi lè dá iṣẹ́ náà ṣe, tó fi yẹ kí ìgbẹ́ ẹran àti pòròpórò ọkà máa padà sóko pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò rí ọkà kó, pòròpórò wo ló fẹ́ dá padà?

Ní Bangladesh, oko ìrẹsì inú omi ni tiwọn, ọgbọ́n tí wọ́n sì dá fara jọ èyí. Dípò kí wọ́n fọ́n yúríà sórí omi, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di kókó líle tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 2 tàbí 3. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ́ ìrẹsì tán, àgbẹ̀ á wọnú ẹrẹ̀, á máa bẹ̀rẹ̀, á máa fi ìka ti kókó kan wọlẹ̀ ní àárín ìrẹsì mẹ́rin mẹ́rin, tó máa wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe é fún sáà kan. Nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ níbẹ̀, yúríà kò lè tètè di gáàsì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bá omi ojú oko ṣàn lọ. Yúríà tí wọ́n ń lò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, ìrẹsì sì pọ̀ sí i. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n o. Iṣẹ́ náà ń gba àkókò àti agbára, ẹni tó bá sì ní láti sanwó fún alágbàṣe á kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn tó ń gbé ọgbọ́n tuntun lọ bá àgbẹ̀ kì í sábà ka làálàá mọ́ iye owó rẹ̀, wọn á sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àgbẹ̀ fi pa á tì. Ẹ̀rọ tí a ń tì tó ń bá ni ti kókó yúríà wọlẹ̀ ti wà báyìí, àmọ́ kò tíì kárí.

Ọ̀rọ̀ owó ló tún kàn. Ní Busia, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Esther Duflo, Michael Kremer àti Jonathan Robinson ṣe ìdánwò ajílẹ̀ lórí àgbàdo nínú oko àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n díwọ̀n ajílẹ̀ ní ṣíbí tíì: ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí, ìdajì ṣíbí, odindi ṣíbí fún àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ṣíbí ló mérè wá jù. Odindi àmọ̀ràn ìjọba, pẹ̀lú irúgbìn tuntun àti ajílẹ̀ oríṣi méjì tó bá a rìn, kò mérè wá fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Láti ọdún gbọ́nhan ni a ti ń pe àgbẹ̀ tí kò tẹ̀ lé àmọ̀ràn ní olórí kunkun, tó sì jẹ́ pé bó bá tẹ̀ lé e, àdánù ló máa rí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún kíyè sí ohun kan sí i. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló sọ pé àwọn fẹ́ ra ajílẹ̀, tó sì ti ọkàn wọn wá. Àmọ́ ìgbà tí owó wà lọ́wọ́ wọn ni ìgbà ìkórè, ìgbà tí ajílẹ̀ sì wúlò ni oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Láàárín méjì yẹn, owó ilé ìwé á dé, àìsàn á dé, ìnáwó mọ̀lẹ́bí á dé. Nígbà tí òjò bá fi máa rọ̀, owó ti tán. Wọ́n wá ṣe ohun kékeré kan: kété lẹ́yìn ìkórè, wọ́n lọ bá àgbẹ̀ nílé pé bó bá sanwó ajílẹ̀ nísinsìnyí, wọn á gbé e wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó lo ajílẹ̀ pọ̀ sí i dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀dínwó ìdajì lọ àwọn mìíràn ní àkókò ìlò ajílẹ̀ gan-an, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ju ti ìgbékalé ọ̀fẹ́ yẹn lọ. Ẹ ro iye bílíọ̀nù tí àwọn ìjọba ń ná lórí ẹ̀dínwó ajílẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ tún wá ro ó pé ọjọ́ tí wọ́n yàn láti kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀ lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Niger náà wọ́n ní ọ̀nà tiwọn, tí wọ́n ń pè ní warrantage. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọkà pọ̀ lọ́jà tí kò sì lówó lórí, àgbẹ̀ kò ní ta tirẹ̀. Á kó o sínú àká ẹgbẹ́, wọ́n á tì í pa, á sì fi ọkà náà dúró fún owó tó yá. Owó yẹn ni á fi gbọ́ bùkátà tàbí ra ajílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọkà á ti wọ́n, á tà á, á san gbèsè, á sì jèrè. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo kà nípa rẹ̀, èyí ló wù mí jù, nítorí kò sọ àgbẹ̀ di ẹni tó ń ṣagbe. Ọkà rẹ̀ ló fi dúró.

Ti ìgbẹ́kẹ̀lé ńkọ́? Kò sí ibi tí a dé tí àgbẹ̀ kì í ráhùn pé ajílẹ̀ ayédèrú ló kún ọjà. Ìwádìí kan láti Ùgáńdà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, sọ pé ajílẹ̀ tí wọ́n rà lọ́jà kò ní nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nítírójìn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ó bani nínú jẹ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn mìíràn yẹ yúríà wò ní agbègbè Morogoro ní Tànsáníà, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló péye, nígbà tí ọkàn àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti gbà pé ayédèrú pọ̀ níbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó: bó bá ti gba ọ̀rinrin, tó dì gbágbá, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí díẹ̀, ó ti di ayédèrú lójú wọn, tó sì jẹ́ pé nítírójìn rẹ̀ ṣì pé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ayédèrú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ. Yúríà lásán tí kò lábùlà máa ń yọ́ tán nínú omi, omi náà á sì tutù mọ́ni lọ́wọ́. Bí yanrìn tàbí òkúta bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ife, ẹ ti rí nǹkan. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè dán wò nìyẹn. Èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni: kí wọ́n máa mú ajílẹ̀ lọ́jà wò déédéé, kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta níbi tí àgbẹ̀ ti máa gbọ́. Ìfòyà náà ń ba nǹkan jẹ́, bóyá ayédèrú wà tàbí kò sí, nítorí ẹni tó ń ṣiyèméjì á ra díẹ̀ tàbí kó má rà rárá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ajílẹ̀ ti ń kùnà. Ilẹ̀ wà tí a lè fún ní ajílẹ̀ tó péye, lásìkò, níbi tó yẹ, kó má sì dáhùn. Ní Murewa, ní Zimbabwe, onímọ̀ ilẹ̀ Shamie Zingore àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lórí oko oríṣi méjì: oko ẹ̀bá ilé, tó máa ń rí ìgbẹ́ màlúù àti ohun tí a gbá nílẹ̀, àti oko ọ̀nà jíjìn tí ìgbẹ́ kì í dé. Àgbẹ̀ kan náà, irúgbìn kan náà, ajílẹ̀ kan náà. Oko ẹ̀bá ilé ń dáhùn. Oko ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ yanrìn tó ti ṣá kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbẹ́ màlúù lọ síbẹ̀, ó gba ọdún mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí aláìsàn tí inú rẹ̀ kò gba oúnjẹ. Kò sí ilẹ̀dú nínú rẹ̀ tó máa di omi àti oúnjẹ mú, àwọn èròjà kéékèèké ti tán níbẹ̀, nítorí náà ohun tí a bá dà sí i ń jò lọ ni.

Ilẹ̀ kíkan náà wà, bí irú èyí tó wà ní òkè Etiópíà àti ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Bí ìkan ilẹ̀ bá ti pọ̀ jù, tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 5.5, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á máa ba gbòǹgbò jẹ́, á sì di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú tí ọkà ò fi ní rí i lò. Ẹfun tó ń pa ìkan rẹ̀ ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ nílò, kì í ṣe àpò ajílẹ̀ mìíràn. Àmọ́ ẹfun wúwo, ó máa ń gba tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà, ọ̀nà oko kò dára, kò sì sí òṣèlú tí inú rẹ̀ máa ń dùn láti ya fọ́tò pẹ̀lú ẹfun.

Carl Sprengel, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Jámánì, ti sọ ọ́ láti ọdún 1828, onímọ̀ kẹ́mísírì Justus von Liebig sì tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé èròjà tó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú ilẹ̀ ló ń pinnu bí irè ṣe máa ṣe tó. Bí súfúrù bá wọ́n, a lè da nítírójìn sí i di alẹ́, ọkà ò ní rí i lò. Etiópíà fi DAP àti yúríà nìkan bọ́ ilẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yíya àwòrán ilẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2012, wọ́n rí i pé súfúrù, bórọ́ọ̀nù àti síǹkì ló wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí láàárín gbogbo ọdún yẹn, ó dájú pé wọ́n ti dá àgbẹ̀ kan lẹ́bi ibì kan pé kò lo ajílẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀wà àti sóyà náà kò gbọ́dọ̀ yọ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ń fa nítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú kókó gbòǹgbò wọn. Bí àgbàdo bá tẹ̀ lé wọn lórí ilẹ̀ kan náà, á jogún díẹ̀ níbẹ̀, ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ máa rà á sì dín kù.

Ti àwọn tó ń lò ó láṣejù wá ńkọ́? Íńdíà jẹ́ kí n mọ bí owó ìrànwọ́ ṣe lè darí ọwọ́ àgbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n yí ètò owó ìrànwọ́ padà fún ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù, owó wọn sì gòkè, ṣùgbọ́n wọ́n fi yúríà sílẹ̀ sí iye tí ìjọba dá lé e. Kí ni àgbẹ̀ á ṣe? Èyí tí kò wọ́n ló rà. Nítírójìn pọ̀ jù, àwọn yòókù kéré jù, bẹ́ẹ̀ ọkà kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Láti ọdún 2015 wọ́n ní kí gbogbo yúríà gba òróró dóńgóyárò kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọdún kan náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì ìlera ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó dáa ni méjèèjì. Àmọ́ káàdì lè sọ pé kí àgbẹ̀ dín yúríà kù, owó ọjà á sì máa sọ fún un pé kó rà á sí i. Èwo ló máa gbọ́?

Láàárín àwọn aláṣejù yìí, Ṣáínà ló ṣe èyí tó wú mi lórí jù. Láàárín ọdún 2005 sí 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, tí Zhang Fusuo jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, bá àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àti àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ṣiṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó tó mílíọ̀nù 20.9. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: ìrẹsì, àgbàdo àti àlìkámà fi nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nítírójìn tí wọ́n sì ń lò fi nǹkan bí 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ kò ṣòro: ìwọ̀n tó yẹ, ìgbà tó yẹ, irúgbìn tó yẹ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un dé etí àgbẹ̀ ló yàtọ̀. Ní Quzhou, agbègbè kan níbẹ̀, láti ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kó lọ sí abúlé, wọ́n ń gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń bá wọn lọ sóko lójoojúmọ́, wọ́n ń wo ohun tó ń ṣe wọ́n. Àgbẹ̀ mọ orúkọ wọn. Bí ìmọ̀ràn kan kò bá ṣiṣẹ́, ó mọ ilé tó máa lọ kan.

Ẹ fi ìyẹn wé òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí wọ́n gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ lé lọ́wọ́ láìfún un ní ọkọ̀ tàbí epo. Bí mo bá ní àṣẹ lórí owó ìrànwọ́ ajílẹ̀ orílẹ̀-èdè kan, mi ò ní gé e kúrò lọ́jọ́ kan. Sri Lanka fòfin de ajílẹ̀ kẹ́míkà lójijì ní ọdún 2021, ìrẹsì wọn lọ sílẹ̀ gan-an, kí ọdún náà sì tó parí wọ́n ti ń pa àṣẹ náà rẹ́. Ohun tí mo máa ṣe ni kí n yọ apá kan nínú owó àpò, kí n fi sanwó fún ènìyàn tó ń gbé nítòsí àgbẹ̀, àti fún ìdánwò ilẹ̀, àti fún ẹfun. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ja Ukraine ní 2022, tí owó ajílẹ̀ fò sókè kárí ayé, orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ wà nínú àpò nìkan kò ní ohun mìíràn tó máa fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìdajì ajílẹ̀ kó ọkà kan náà, ìmọ̀ yẹn ò ní wọ́n mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá dé abúlé, kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ni oko wo. Ní 1996, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Christopher Udry gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìdílé ní Burkina Faso. Nínú ìdílé kan náà, lórí irè kan náà, lọ́dún kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbẹ́ ẹran ló ń lọ sóko ọkọ, oko ìyàwó kì í rí nǹkan kan. Ìgbẹ́ díẹ̀ tó kọ́kọ́ dé oko ló ń mérè wá jù. Bó bá ti pọ̀ lórí oko kan, èrè rẹ̀ á máa dín kù. Udry ṣírò rẹ̀ pé bí ìdílé bá tún ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ pín láàárín àwọn oko wọn, láìra ohunkóhun kún un, irè gbogbo ìdílé á fi nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Káàdì ìlera ilẹ̀, iṣẹ́ orí fóònù àti ìpàdé abúlé máa ń bá olórí ilé sọ̀rọ̀, ìmọ̀ràn á sì dé oko rẹ̀. Oko ìyàwó ni kí òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú òun lọ, kó bu ilẹ̀ ibẹ̀ fún ìdánwò, kó sì fi àbájáde rẹ̀ lé obìnrin náà lọ́wọ́.